ỌMỌ TA NI Ọ́? ÌRAN ẸNI ÀTI JÍJẸ́ ỌMỌ ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwa ará Kaduna: 'Níbo ni o ti wá?' Ìdáhùn rẹ̀ kì í yá èmi lẹ́nu. Ọmọ Yorùbá ni bàbá mi, Gbagyi ni ìyá mi, Kaduna ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí mo ń wá ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ kí n lè wọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sí ìlú bàbá mi. Mo dé ìlú bàbá mi, wọ́n ní agboolé wo ni wọ́n ti mọ̀ mí? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi yẹ ìtàn wò.

Kò yani lẹ́nu pé irú wa pọ̀ ní Kaduna. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni kí Lugard tó yàn án ní ọdún 1913 láti sọ ọ́ di olú-ìlú Àríwá dípò Zungeru. Ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ ọba kó ènìyàn wá láti ibi gbogbo. Nígbà tí ó sì di ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èrò sì tún pọ̀ sí i. Bí ènìyàn bá jọ ń gbé àdúgbò kan, wọn a máa fẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó la ọ̀rọ̀ yìí yéni jù lọ kò bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dé ibẹ̀ nígbẹ̀yìn. Borno ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Alhaji Shugaba Abdurrahman Darman ni aṣáájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ GNPP, tí wọ́n pọ̀ jù nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Borno. Ní ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 1980, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari mú un, wọ́n sì lé e lọ sí orílẹ̀-èdè Chad. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ará Chad ni bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Kanuri ilẹ̀ wa ni ìyá rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí. Jígí nìkan ni ìjọba wò. Wọ́n gbàgbé wúrà. Adájọ́ Oye Adefila, ní ilé-ẹjọ́ gíga Maiduguri, dá a láre pé ọmọ Nàìjíríà ni Shugaba, ó sì ní kí ìjọba san ₦350,000 fún un. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ náà tí ó wà ní Kaduna ni ó sì gbọ́ ọ. Wọ́n dín owó náà kù sí ₦50,000, ṣùgbọ́n ìdájọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni kò yẹ̀.

Kí ni òfin wí? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 sọ pé ẹni tí a bí ní Nàìjíríà ṣáájú òmìnira, tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá ti jẹ́ ti àwọn ìran onílẹ̀ ibí, ọmọ Nàìjíríà ni. Òfin ti ọdún 1999 tí a ń lò báyìí kò yí i padà. Òfin kò bèèrè pé kí gbogbo ìran ẹni jẹ́ ti ibí. Ẹyọ kan ṣoṣo tó.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ náà wà. Ìran ẹni lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ni ó gbé e wá, kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni. Òfin ni ó ń sọni di ọmọ orílẹ̀-èdè, ìran kan péré sì tó láti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Shugaba kò sẹ́ bàbá rẹ̀ kí ó tó jàre. Ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń dà wá síwá-sẹ́yìn kò sì lè sọ ọmọ Nàìjíríà di àlejò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, bí ọmọ kan bá dúró ní kíláàsì yín tí ó ní òun ní ilé méjì, ẹ má ṣe ní kí ó yan ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó ka méjèèjì.