Jalada àti Afárá Láàárín Àwọn Èdè Áfíríkà

Ẹgbẹ́ Jalada ti inú ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan jáde, èyí tí ó wáyé ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ní 2013. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò dúró de ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kankan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ wọn jáde. Àkójọ ìtàn wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kínní ọdún 2014.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, wọ́n gbé ìtàn kúkurú kan tí Ngũgĩ wa Thiong'o kọ ní èdè Gĩkũyũ jáde, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tí ó lé ní 30. Yorùbá wà lára wọn; Kọ́lá Túbọ̀sún ni ó túmọ̀ rẹ̀. Ìtàn náà dá lórí ìjà tí ó wáyé láàárín apá àti ẹsẹ̀, kí ènìyàn tó máa rìn lóòró.

Yíyan Ngũgĩ kò ṣàdédé. Ní 1977, òun àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ kọ eré onítàgé kan ní Gĩkũyũ, tí àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ Kamĩrĩĩthũ ṣe ní gbangba. Ìjọba fòfin de eré náà, wọ́n sì fi Ngũgĩ sí àtìmọ́lé láìgbé e lọ sílé-ẹjọ́. Èdè tí ará abúlé gbọ́ ni ó mú kí eré náà ba ìjọba lẹ́rù. Jalada pàápàá kò fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ní 2017, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé àjọ̀dún lítíréṣọ̀ àti eré káàkiri àwọn ìlú Ìlà-Oòrùn Áfíríkà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn atúmọ̀ náà ni kò gbọ́ Gĩkũyũ; ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí Ngũgĩ fúnra rẹ̀ ṣe ni ó di afárá fún wọn. Lítíréṣọ̀ Yorùbá mọ ọ̀nà yìí dáadáa. *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí Fágúnwà kọ jáde ní 1938. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká ṣe ní 1968 ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Jalada fi hàn pé Gĩkũyũ àti Yorùbá lè jókòó sí ojú ewé kan náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí alágbàsọ, àfi kí ọmọ Yorùbá kan kọ́ Gĩkũyũ, kí ọmọ Gĩkũyũ kan sì kọ́ Yorùbá.