Ráàpù Nínú Agbo Ewì Yorùbá

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa olùkọ́ èdè Yorùbá: ǹjẹ́ ó yẹ kí a ka ráàpù mọ́ ewì? Ẹlòmíràn a ní ariwo àwọn ọmọdé lásán ni, a ní òkèèrè ni ó ti wá. Òótọ́ ni pé Bronx ní New York ni a bí i sí, níbi tí DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, ti fi àwo orin ṣeré níbi àríyá ọjọ́ 11 oṣù Ògún, ọdún 1973. Ṣùgbọ́n òkèèrè náà ni rédíò ti wá, orí rédíò sì ni ewì Lánrewájú Adépọ̀jù ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ráàpù nílẹ̀ wa gbójú lé. Lord of Ajasa wà lára àwọn tó fi Yorùbá ṣe é tí ayé fi gbọ́. Dagrin tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwo C.E.O. ní 2009. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n tó ga jù nínú ráàpù ni kí ìparí ìlà kan dún bí ìparí ìlà kejì. Èyí kò ṣòro fún wa rárá, nítorí pé fáwẹ́lì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń parí, fáwẹ́lì àìránmúpè wa kò sì ju méje lọ. Ohun tí kò ṣòro kì í ṣe ọgbọ́n. Ohùn ni iṣẹ́ wà. Bí akọráàpù bá fi igba, igbá, ìgbà àti igbà parí ìlà mẹ́rin, etí àjèjì yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Etí tiwa yóò gbọ́ iye, ohun èlò, àkókò àti okùn ẹlẹ́mu. Ìforọ̀dárà nìyẹn, bí onírárà ti ń ṣe é. Ti pé akọráàpù ń ki ara rẹ̀, tó ń fẹnu bá abánidíje rẹ̀ jà, ta ni kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu oníjàálá?

Ní Maiduguri tí a wà yìí, Kànúrí náà jẹ́ èdè olóhùn, àwọn akéwì ààfin Borno sì ti ń ki ọba tipẹ́. Ní 1926 ni J. R. Patterson tẹ ìwé Kanuri Songs jáde, tí díẹ̀ nínú orin wọn fi bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé. Dagrin kú ní ọjọ́ 22 oṣù Igbe, 2010, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ forí sọ ọkọ̀ ńlá ní Mushin. Ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò ní àmì ohùn. Orin tí ohùn jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀!

Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì jókòó láti kọ ẹsẹ kan péré sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀sán gbáko ni ó gbà wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kìíní gbọ́ ní ohùn òkè, tí ẹnì kejì sì búra pé ohùn ìsàlẹ̀ ni.