Òfin Ìrìnnà àti Owó Ìtanràn: Ohun tí Awakọ̀ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ gba àárín Ìlobùú kọjá, kò sì pẹ́ rárá kí ó tó wọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Orólù. Ìlú méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò fi ní í tètè mọ ìgbà tí òun jáde nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ojú ọ̀nà kan náà ni tírélà, takisí, ọ̀kadà, ọmọ ilé-ìwé àti ìyá ọlọ́jà jọ ń lò. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, àìmọ òfin lè gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ibi tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ti ṣẹ̀ wá

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, lọ́dún 1977, nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ni ó ṣagbátẹrù rẹ̀, nítorí ẹ̀mí tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ti ìjọba àpapọ̀, Ọ̀mọ̀wé Olú Agúnloyè sì ni ọ̀gá àgbà ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Òfin ọdún 2007 àti ìlànà ìrìnnà ti ọdún 2012 ni àjọ náà dúró lé lórí.

Ìwọ̀n eré

Láàárín ìlú, kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin gba ọ̀kadà, ọkọ̀ aládàáni, takisí àti bọ́ọ̀sì láyè láti sá. 45 ni ti táńkà àti tírélà. Lójú títì tí ó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú, ọkọ̀ aládàáni, takisí àti bọ́ọ̀sì lè sá 80, ọ̀kadà, táńkà àti tírélà kò gbọdọ̀ kọjá 50. Ní òpópónà márosẹ̀, 100 ni ti ọkọ̀ aládàáni, 90 ni ti takisí àti bọ́ọ̀sì, 60 ni ti táńkà àti tírélà.

Níwọ̀n ìgbà tí ilé bá ti wà lọ́tùn-ún lósì, òfin àárín ìlú ni ó múlẹ̀, ìbáà jẹ́ Ìlobùú ni awakọ̀ wà tàbí Ìfọ́n. Ìdí rẹ̀ kò le. Ọkọ̀ tí ó ń sá 50 ń rìn tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó ń sá 80 ń rìn ju mítà 22 lọ. Bí ọmọdé bá já wọ ojú títì lójijì, mítà mẹ́jọ yìí lè jẹ́ ààlà láàárín ìyè àti ikú. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Owó ìtanràn

Àjọ FRSC máa ń gba owó lọ́wọ́ arúfin, ó sì máa ń kọ máàkì sí orúkọ rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn nìyí, bí ó ṣe wà nínú àtẹ ìtanràn àjọ náà:

Àìde bẹ́líìtì ìjókòó: N2,000, máàkì 2.
Gígun ọ̀kadà láìdé akoto: N2,000, máàkì 2.
Rírú òfin iná adarí ọkọ̀ tàbí àmì ojú ọ̀nà: N2,000, máàkì 2.
Eré àsápajúdé: N3,000, máàkì 3.
Yíya ọkọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ níbi tí kò tọ́: N3,000, máàkì 3.
Táyà tó ti jẹ tán, tàbí àìní táyà àpamọ́: N3,000, máàkì 3.
Lílo fóònù nígbà tí a ń wakọ̀: N4,000, máàkì 4.
Mímu ọtí tàbí lílo oògùn olóró wakọ̀: N5,000, máàkì 5.
Àìní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó pé: N10,000, máàkì 10.
Kíkó èrò tàbí ẹrù kọjá òṣùwọ̀n: N10,000, máàkì 10.
Ayédèrú ìwé ọkọ̀: N20,000, máàkì 10.
Ìwakọ̀ tó léwu: N50,000, máàkì 10.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣọ́ owó, wọn kò ṣọ́ máàkì. Bí máàkì bá wà láàárín 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Láti 15 dé 20, àjọ lè dá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá di 21, wọ́n lè gbà á pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún awakọ̀ takisí kan tí ó kó èèyàn méjì síwájú, tí kò de bẹ́líìtì, tí ó sì gbé fóònù sétí. Gbèsè rẹ̀ di N16,000, máàkì rẹ̀ di 16. Ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń tì yẹn.

Akoto àti ọ̀kadà

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú òfin akoto jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní àwọn ìlú kan nígbà náà, igbá ni àwọn ọlọ́kadà dé sórí láti fi tan ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn, orí ara wọn ni wọ́n fi ń ṣeré, nítorí igbá kò lè gba orí sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dà. Kì í ṣe ẹni tó ń gùn ún nìkan ni òfin náà dè. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dé akoto.

Ẹ̀tọ́ awakọ̀

Ẹ̀ṣọ́ kò ní àṣẹ láti gba owó ìtanràn sọ́wọ́ lójú títì. Ìwé ni yóò kọ fún arúfin, kí ẹ̀ṣẹ̀ àti iye owó hàn nínú rẹ̀, báńkì ni a ó sì ti san án. Ẹni tí kò gbà pé òun jẹ̀bi lè mú ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá gbìyànjú láti fún ẹ̀ṣọ́ ní rìbá yóò san N10,000, ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè sí i yóò san N10,000 pẹ̀lú.

Ohun ìrìnnà kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbánigbófò fún ẹni tí ọkọ̀ lè ṣe ní jàǹbá. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni iye rẹ̀ ti di N15,000 fún ọkọ̀ aládàáni. N5,000 ni tẹ́lẹ̀.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Nọ́ńbà 122 ni a ń pè sí àjọ FRSC, kò sì gba owó. Awakọ̀ tí kò bá fi tó àwọn aláṣẹ létí yóò san N20,000. Ilé-ìwòsàn tàbí oníṣègùn tó bá kọ̀ láti gba ẹni tó fara pa nínú jàǹbá ọkọ̀ yóò san N50,000. Ó yẹ kí ará ìlú mọ èyí, nítorí ìṣẹ́jú tí a bá fi ń bá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn jà ni ẹ̀mí máa ń bọ́.