Ọbẹ̀ Tí Ẹni Tó Sè É Kò Gbọdọ̀ Jẹ

Ẹ̀yin ará, ní òru ọdún tuntun tí àwa ń ṣe ìsìn àṣemọ́jú, tí oorun ń kun ojú wa, tí àwọn màmá wa sì ti ń ro ti ìrẹsì àti adìyẹ tí wọ́n máa sè tí ilẹ̀ bá mọ́, orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé irú ọbẹ̀ kan náà ló ń hó lórí iná nílé olówó àti nílé tálákà. Háítì ni, nínú òkun Karibíà lọ́hùn-ún. Ọbẹ̀ ẹran màlúù ni, ewébẹ̀ oríṣiríṣi pọ̀ nínú rẹ̀, elégédé tí wọ́n lọ̀ ló sì ń mú kó ki. Soup joumou ni wọ́n ń pè é. Elégédé ló ń jẹ́ joumou lédè wọn. Òun ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi sẹ́nu ní ọjọ́ kìíní oṣù January, ọjọ́ tó tún jẹ́ àyájọ́ òmìnira wọn.

Tí ẹ bá bi ọmọ Háítì léèrè ìdí tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ìdáhùn rẹ̀ kì í gùn. Á ní nígbà tí àwọn baba ńlá òun wà lóko ẹrú, àwọn ló ń gbin elégédé, àwọn ló ń bẹ ẹ́, àwọn ló ń dúró ti ìkòkò, ṣùgbọ́n ọ̀gá àti ìdílé rẹ̀ nìkan ló ń jẹ ọbẹ̀ náà. Ẹni tó sè é kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ọjọ́ tí wọ́n dòmìnira ni wọ́n gbé ìkòkò kaná fún ara wọn.

Ìtàn ẹnu nìyẹn. Èmi kì í fojú kéré ìtàn ẹnu, torí òun la fi mọ orírun ọ̀pọ̀ ìlú tiwa náà. Àmọ́ ó dáa ká wo ohun tí ìwé sọ nípa oúnjẹ ẹrú níbẹ̀, ká fi wé ohun tí ẹnu sọ.

Saint-Domingue ni àwọn Faransé ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ṣúgà àti kọfí ni wọ́n ń mú jáde níbẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ òkèèrè mìíràn lábẹ́ ọba Faransé tó ń mówó wọlé tó o. Nígbà tó fi máa di 1789, àwọn ẹrú ibẹ̀ ti tó nǹkan bí 500,000, nígbà tí àwọn òyìnbó kò ju nǹkan bí 30,000 lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé pàṣán nìkan ló lè gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ dúró. Púpọ̀ nínú àwọn ẹrú náà ni wọ́n bí sí Áfíríkà. Wọ́n kó àwọn kan gba Kóńgò àti Àǹgólà, wọ́n kó àwọn mìíràn gba etíkun tiwa níhìn-ín, láti Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn olóko, ẹ máa rí "Nàgó" lára orúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwa nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè ka ìtàn yìí bí ìtàn àlejò.

Ní 1685, Ọba Louis Kẹrìnlá fọwọ́ sí òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, wọ́n ń pè é ní Code Noir. Abala kejìlélógún rẹ̀ ni kí ẹ wá bá mi wò. Ó ka oúnjẹ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún ẹrú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko: ìwọ̀n ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ méjì àbọ̀, tàbí àkàrà ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, pẹ̀lú pọ́n-ùn méjì ẹran màlúù oníyọ̀, tàbí pọ́n-ùn mẹ́ta ẹja. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti di àgbà lójú òfin náà. Àwọn tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá, láti ìgbà tí wọ́n bá ti já wọn lẹ́nu ọmú, ìdajì ni tiwọn. Ẹran oníyọ̀ yìí kì í ṣe ẹran tútù o. Láti Ireland ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá, nínú agbá, tó ti gba orí òkun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àní èyí tí òfin kà yìí gan-an, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò fún wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gé ilẹ̀ kékeré kan fún ẹrú, wọ́n á ní kó lọ máa fi ọjọ́ Ìsinmi dá oko oúnjẹ ara rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi ọjọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ojúṣe oúnjẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ẹrú máa fẹjọ́ sùn?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Code Noir kò dárúkọ ọbẹ̀ elégédé rárá. Kò sí abala tó ní kí ẹrú má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wọn pọ́n-ùn méjì ẹran oníyọ̀ fún lọ́sẹ̀, níbo ló ti máa rí ẹran tútù, bọ́tà àti kábéèjì tó máa kó sínú ìkòkò kan ṣoṣo? Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ èèwọ̀ sínú ìwé. Lójú tèmi, ìtàn ẹnu yẹn àti ìwé òfin náà kò ta ko ara wọn, ìwé òfin sọ ìwọ̀n, ìtàn ẹnu sọ bó ṣe ń dun ẹni tó ń rùn òórùn ọbẹ̀ lára rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ sì ṣófo.

Kí a tó dá àwọn Faransé lẹ́jọ́ tán, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Mo ti wọ ilé onígbàgbọ́ rí, kì í ṣe ilé kan, kì í ṣe ilé méjì, níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti se ẹran, tí ìyá ilé ti ka iye rẹ̀ kó tó wọ ìkòkò, tó tún kà á lẹ́yìn tó jiná. Ọmọ yẹn á gbé abọ́ wá síwájú àlùfáà, á kúnlẹ̀, á padà sí ilé ìdáná lọ fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀bà. Àdúrà oúnjẹ tí mo gbà lórí tábìlì bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo lẹ́nu mi. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn kan lójú, inú wọn kò dùn sí mi. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Háítì.

Ní August 1791, àwọn ẹrú ní ìhà àríwá dìde, wọ́n sun àwọn oko ìrèké. Ogun náà gùn, ó sì lọ́jú pọ̀, mi ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Toussaint Louverture, tó ti ṣe ẹrú rí, di olórí ogun wọn. Ní òpin ọdún 1801, Napoleon rán àna rẹ̀, Leclerc, wá pẹ̀lú ọmọ ogun ńlá. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀wọ̀n Fort de Joux lórí òkè tútù kan ní Faransé, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 7 April 1803. Leclerc ti kú ṣáájú rẹ̀, ibà ló pa á. Jean-Jacques Dessalines ló wá gba ogun náà ṣe. Ẹrú lòun náà tẹ́lẹ̀, àpá pàṣán wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ 18 November 1803 ni wọ́n ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Vertières, ọjọ́ 1 January 1804 ni wọ́n sì kéde òmìnira ní ìlú Gonaïves. Wọ́n ju orúkọ Saint-Domingue nù, wọ́n mú orúkọ tí àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ń pe ilẹ̀ wọn padà.

Ìyàwó Dessalines ni àwọn ará Háítì máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ bá délẹ̀: Marie-Claire Heureuse. Wọ́n ní òun ló ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ elégédé fún gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ òmìnira. Èyí bá ìwà obìnrin náà mu dáadáa. Ní 1800, nígbà tí ogun dó ti ìlú Jacmel, tí ebi ń pa àwọn tó wà nínú ìlú, òun ló lọ bẹ Dessalines, tó wà lára àwọn tó dó ti ìlú ọ̀hún, pé kó ṣí ọ̀nà fún òun. Ó kó àwọn obìnrin lẹ́yìn, wọ́n gbé oúnjẹ, aṣọ àti oògùn wọlé, wọ́n dáná fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹ fi ojú inú wò ó o. Ọ̀tá ọkùnrin tó máa di ọkọ rẹ̀ ló ń fún lóúnjẹ. Tó bá jẹ́ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ń pín ọbẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira, kò yà mí lẹ́nu.

Òmìnira yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ. Nínú oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún 1804, Dessalines pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn Faransé tó kù nílẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ló fipá dá ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira padà sí oko ìrèké, torí ìjọba ń wá owó. Ní October 1806, àwọn èèyàn rẹ̀ pa á. Lẹ́yìn náà, ní 1825, Ọba Charles Kẹwàá rán ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun wá sí Port-au-Prince pé kí Háítì san mílíọ̀nù 150 fráǹkì fún àwọn olóko tó pàdánù ilẹ̀ àti ẹrú wọn. Ẹni tí wọ́n jí gbé ló tún ń sanwó fún ajínigbé! Wọ́n dín in sí mílíọ̀nù 90 ní 1838, ṣùgbọ́n wọ́n ti yá owó lọ́wọ́ báńkì láti san án. Ọdún 1947 ni gbèsè tó ti ibẹ̀ ṣẹ̀ tó tán nílẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, wọn kò dáwọ́ ọbẹ̀ náà dúró. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi pàápàá, òun ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Ọdún 2021 kò dára fún wọn rárá: wọ́n pa ààrẹ wọn ní July, ilẹ̀ mì tìtì ní August, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló bá a lọ. Ní December ọdún yẹn kan náà ni àjọ UNESCO kọ ọbẹ̀ yìí sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ àgbáyé, ohun àkọ́kọ́ tí Háítì ní nínú ìwé náà.

Fún àwọn màmá tó máa fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, àwa tí a wà ní Jos yìí kò ní wàhálà, gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ ló wà lọ́jà wa. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹran màlúù, kí ẹ gún àlùbọ́sà eléwé, aáyù, parsley, táìmù àti ata rodo pọ̀, ẹ fi ra ẹran náà, kí ẹ dé e mọ́lẹ̀ di àárọ̀. Ẹ sè é títí á fi rọ̀. Ẹ se elégédé lọ́tọ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ dà á sínú omi ẹran. Elégédé àti ata yẹn, ọwọ́ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti wá; màlúù, àwọn òyìnbó Sípéènì ló kó o débẹ̀ ní 1493; kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, láti Yúróòpù. Ọwọ́ tó rò ó pọ̀ ló ti ọ̀dọ̀ tiwa lọ. Ẹ wá kó kárọ́ọ̀tì, pòtétò, turnip àti kábéèjì sí i, àti kànáfùrù bíi mẹ́ta. Ata rodo kan wà tí wọ́n máa ń jù sí i lódindi láìgé e, kó kàn lè ta sánsán. Ẹ yọ ọ́ kó tó bẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé ò ní lè jẹ ẹ́. Mákàróònì ló ń kẹ́yìn, pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀. Tó bá ki jù, omi gbígbóná ni kí ẹ fi là á. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n sì máa ń sè é kó pọ̀, torí àwo tó máa jáde lọ sílé aládùúgbò kì í ṣe kékeré.