Ìyípadà àkọsílẹ̀ Yorùbá sí Unicode

Ìyípadà àkọsílẹ̀ Yorùbá sí Unicode ni iṣẹ́ wíwá àwọn fáìlì Yorùbá tí a fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀ nígbà kan rí, kí a sì yí wọn padà sí ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà lè kà. Unicode jẹ́ ìlànà àjùmọ̀lò tí ó fún àwọn lẹ́tà èdè àgbáyé ní nọ́ńbà. Ọdún 1991 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ìlaròó àti Ayétòrò wà, iṣẹ́ náà le díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé àkọtọ́ Yorùbá ní òdìkejì ẹnubodè, ní orílẹ̀-èdè Benin, yàtọ̀.

Fọ́ǹtì àtijọ́

Ìlànà ISO 8859-1, tí a ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Nítorí náà, àwọn atẹ̀wé ṣe fọ́ǹtì tí ó gbé àwòrán lẹ́tà wọ̀nyí sí àyè àmì mìíràn. Lójú, Yorùbá ni. Nínú fáìlì, àmì owó tàbí lẹ́tà èdè mìíràn ni. Bí fáìlì náà bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ á di rúdurùdu. Olúkúlùkù ló ṣe tirẹ̀, nítorí náà tábìlì ìyípadà tí ó bá fọ́ǹtì kan mu kò bá òmíràn mu. Ẹni tí kò bá mọ fọ́ǹtì tí a lò yóò ní láti fi ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà wé fáìlì náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà kan, ọ̀nà púpọ̀

Ní Unicode, ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ sì jẹ́ U+1E63. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: àmì ohùn ni a ń fi kún lẹ́tà, U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ é, kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú kò lè dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lè má rí i. Ìlànà NFC ni ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Kò ran àwọn tí ó fi ìlà òòró kékeré (U+0329) rọ́pò àmì róbótó ìsàlẹ̀ (U+0323). Ẹni tí ó ń ṣe ìyípadà ni yóò fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ìyẹn.

Èyí tí ó burú jù ni fáìlì tí wọ́n ti yọ gbogbo àmì rẹ̀ kúrò. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ti di "oko" níbẹ̀, oko gan-an sì wà láàrin wọn. Tábìlì kankan kò lè dá irú rẹ̀ padà, àfi kí ẹni tí ó gbọ́ èdè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ẹnubodè

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 10 Oṣù Kẹjọ 1889 ni ó fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, tí Ìlaròó sì wà ní apá Gẹ̀ẹ́sì. Àkọtọ́ náà tẹ̀lé ààlà yìí. Láti inú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí Benin gbé kalẹ̀ ní 1975, ọṣẹ di ɔshɛ, ọ̀pẹ sì di ɔ̀kpɛ. Àwọn kan lérò pé Unicode yóò sọ àkọtọ́ méjèèjì di ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó fún ɛ ní U+025B, ó fún ɔ ní U+0254, ó sì dúró níbẹ̀.

Láti Benin sí Nàìjíríà, ìyípadà rọrùn, nítorí pé sh àti kp kò ní ju ìró kọ̀ọ̀kan lọ nínú Yorùbá. Láti Nàìjíríà sí Benin, p inú "Porto-Novo" tàbí "Paris" kò gbọdọ̀ di kp. Orúkọ ìlú ló nira jù. Ìwé ìjọba Benin ń kọ Kétu ní "Kétou" gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ Faransé, ìyẹn sì ṣeé fi òfin yí padà. Ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìwé náà ń pè ní "Savè", èyí tí ó yẹ kí a kọ sínú àkójọ orúkọ lọ́tọ̀.