Sòbìà Lọ, Ẹ̀jẹ̀ Ríru Dé: Ìtàn Ìlera Àwọn Àgbà Àgọ́-Àrẹ

Ní Àgọ́-Àrẹ, ẹni tó bá ti lé ní 60 ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe sòbìà fún un. Òkè-Ògùn ni ìlú náà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò, nínú ọ̀dàn tí kò jìnnà sí Tedé àti Ṣakí, níbi tí omi ti máa ń ṣọ̀wọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, inú adágún àti kòtò ni ará oko ti ń bu omi mu. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tíntìntín kan ti ń gbé ọmọ sòbìà kiri. Ẹni tó mu ún kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi lé ròrò, tí aràn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì yọrí síta. Ó lè gùn tó mítà kan. Wọn a máa wé e mọ́ igi kékeré, díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́, nítorí bó bá já sínú, egbò náà a tún wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí sòbìà bá dá dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́, oko rẹ̀ di igbó nìyẹn.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni èrò àwọn ènìyàn nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé inú ara ni sòbìà ti ń wá, pé a dá a mọ́ ènìyàn ni. Bí ènìyàn bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò wá fi omi mímu rẹ̀ ṣe?

Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá tó múlé gbe Òkè-Ògùn, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí William Brieger wà lára wọn, bá irú èrò yìí pàdé ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ní ẹ̀kọ́ ìlera, àwọn télọ̀ ìlú sì ń rán asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi. Títí dòní, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń dènà sòbìà, kò sì sí oògùn tó ń pa á. Síbẹ̀, àrùn tí iye àwọn tó ní in lé ní 650,000 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà wọ́n káàkiri Nàìjíríà ní 1988 ti kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù Kọkànlá 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu, ní Oṣù Kejìlá 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní ilẹ̀ wa. Asẹ́, kànga tó dára, àti àwọn tí kò dákẹ́ ìkìlọ̀ ló lé e lọ.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò ní ìmọ̀ tiwọn o. Igi èmì pọ̀ nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, àwọn obìnrin ló sì ń ṣa èso rẹ̀ lásìkò òjò, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń pò ó lómi títí òrí yóò fi léfòó. Bí ọyẹ́ bá dé, òrí ni àgbà fi ń pa ara. Bí orúnkún bá ń ro wọ́n, òun náà ni wọ́n fi ń wọ́ ọ. Ó ń mú awọ ara rọ̀ lóòótọ́, ọwọ́ tó ń wọ́ni sì ń mú iṣan dẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tún oríkèé tó ti jẹ ṣe.

Orín náà ńkọ́? Ní 1971, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Abáyọ̀mí Ṣófowórà wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé omi ara àwọn orín wa ń dá kòkòrò àìfojúrí lẹ́kun. Àgbà tó ń rún orín àtà láàárọ̀ kò ṣe é lásán.

Oúnjẹ àti iṣẹ́ oko náà ní ipa tiwọn. Ní 1992, àwọn olùwádìí Benjamin Òṣúntókun ní Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ní Indianapolis bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́pa àwọn tó ti pé 65 ọdún sókè, Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde ìwádìí náà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ya ayé lẹ́nu: nínú 100 àgbà, àwọn tí arán ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn kéré, wọn kò sanra púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó ti ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ọ̀kadà ló ń gbé àgbà lọ sí oko tí bàbá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn dé. Máagí, tí iyọ̀ kún inú rẹ̀, ti gba ipò irú nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Oògùn ara ríro, tí àwọn àgbẹ̀ ń lò bó ṣe wù wọ́n, wà lára ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ibí yìí ni ìtàn sòbìà ti wúlò jù lọ. Bí wọ́n ti ń sọ nígbà náà pé ara ènìyàn ni sòbìà ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ lónìí pé ara àgbà nìkan ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí pé ẹni tí orí kò fọ́ kò ní in. Irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì kankan hàn títí tí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Nínú 100 àgbàlagbà tó ní in láyé, ó ju 40 lọ tí kò mọ̀. Òrí kò lè rí i, àgbo kò lè sọ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá nìkan ló lè sọ ọ́.

Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sí, nínú ilé ìwòsàn University College Hospital (UCH), ní 2012, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí Àgọ́-Àrẹ. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ènìyàn bá dé Ìbàdàn kó tó wọn ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ni, kì í sì í pẹ́ rárá. Bí iye òkè bá ń tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá ń tó 90, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tọ́jú rẹ̀, ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ dá irú padà sínú ọbẹ̀, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé ní Ìbàdàn àti Èkó, bí ẹ bá tún wálé, ẹ mú bàbá àti ìyá yín lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kí ẹ tó padà.