Gíga Tẹlifíṣọ̀n Nínú Pálọ̀ Wa

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń pè mí sí n'Ìbàdàn láti wá kan kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti ń bá tẹlifíṣọ̀n lókè téńté lára ògiri, ó kù díẹ̀ kó kan àjà. Àga abẹ́ rẹ̀ á sì rọlẹ̀, á jìn, ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rì. Bí onítọ̀hún bá wo fíìmù wákàtí méjì tán, ọrùn ni yóò máa fọwọ́ pa. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ baálé ilé pé kí ló gbé e lọ sókè tó bẹ́ẹ̀, á ní ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbé tiwọn sí. Káfíńtà ni mí, káfíńtà ni bàbá tó bí mi, ojú wa ló ṣe nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ń ga sí i nínú pálọ̀ Yorùbá. Àwọn òǹwòran ló gbé e dé òkè yẹn, àwọn òǹwòran náà sì ti lọ.

Ilẹ̀ ni eré wa wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, Aláàfin ní kí àwọn eégún alárìnjó ṣeré fún un. Wọ́n wọ àpò jó, wọ́n ṣe òjòlá, wọ́n sì ṣe òyìnbó níwájú òyìnbó fúnra rẹ̀. Agbo ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ọmọdé á jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn ìyá á jókòó sórí àpótí, àwọn ọkùnrin á dúró lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe tò yẹn, ojú gbogbo wọn ló ríbi tó ń wò, kò sì sẹ́ni tó ní láti gbé òṣèré lọ sókè.

Gbọ̀ngàn ló yí ètò yẹn padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, wọ́n ṣe sinimá fún ìgbà àkọ́kọ́ l'Ékòó, ní Glover Memorial Hall. Gbọ̀ngàn kan náà ni Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ ní 1944. Láti ìgbà náà ni eré ti ń wọ abẹ́ òrùlé káàkiri, tí àga sì ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí pé gbọ̀ngàn ìlú àti ti ilé ìwé tí a ní, ìpàdé àti ijó ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wọn fún.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni iwájú á dí ojú ẹni ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n fún yín. Àgbàlagbà tó jókòó tọ́ sórí àga onígi, ojú rẹ̀ á wà ní nǹkan bí ínṣì 46 sí ilẹ̀. Àtàrí rẹ̀ á fi nǹkan bí ínṣì 5 ga ju ojú lọ. Bó bá wá jẹ́ obìnrin tó wé gèlè, ẹ mọ bí gèlè wa ṣe ń rí, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan àfi tí ìdí aṣọ sinimá bá ga ju gèlè lọ. Nígbà tí fíìmù Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí Ògúndé gbé Ayé tẹ̀lé e, tí Moses Ọláìyá, Baba Sàlá wa, sì ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, ńṣe ni àwọn tó ni fíìmù ń gbé e kiri fúnra wọn láti ìlú dé ìlú. Ibi gíga ni wọ́n ń ta aṣọ funfun sí nínú gbọ̀ngàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé sinimá tí wọ́n kọ́ fún sinimá nìkan ní ọgbọ́n mìíràn: wọ́n á jẹ́ kí ilẹ̀ rọra ga láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹni ẹ̀yìn lè wo orí ẹni iwájú kọjá. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti kógbá sílé. L'Ágége, orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Pen Cinema, ṣì wà lẹ́nu awakọ̀ àti èrò dòní olónìí.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn níbí, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Tẹlifíṣọ̀n tó kọ́kọ́ dé nígbà náà, iṣẹ́ káfíńtà ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi fún ọjọ́ pípẹ́. Igi rẹ̀ ń dán bíi dígí, ẹsẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn kékeré méjì tó ń pa ojú rẹ̀ dé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ilẹ̀kùn náà. Mo wọ̀n ọ́n. Láti àárín ojú rẹ̀ dé ilẹ̀ kò ju ínṣì 32 lọ. Ẹni tó ṣe é lókè òkun mọ̀ pé ìdílé kan, bàbá, ìyá àti ọmọ, ni yóò jókòó tì í nínú yàrá kékeré.

Ta ló wá ń dá tẹlifíṣọ̀n wò n'Ìbàdàn nígbà náà? Bí àkókò eré Aláwàdà Baba Sàlá bá tó, tàbí Bodè Wáásinmi ti Dúró Ládiípọ̀, gbogbo àdúgbò ló máa ń wá. Àwọn ọmọ á tẹ́ ẹní síwájú, àgbà á jókòó sórí àga, àwọn ìyàwó ilé á fara ti ẹnu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ á sì dúró níta lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ lé wọn. Ìwà àìmọ̀ ara ẹni ni wọ́n máa kà á sí. Àwọn tó wà lójú fèrèsé gan-an ló sọ tẹlifíṣọ̀n di gíga, nítorí orí gbogbo àwọn tó wà nínú ilé ni ojú wọn ní láti kọjá. Tábìlì gíga ni àwọn oníbàárà ń wá bá bàbá mi kàn, kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn lé e lórí.

Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, dé ní 1975. Òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó púpọ̀, ó ra tẹlifíṣọ̀n, ó ra ẹ̀rọ agbórin, ó sì ń fẹ́ rúùmù-dífáídà. Rúùmù-dífáídà ló bọ́ wa nílé wa. Igi afárá ni bàbá mi fi ń ṣe é, á fi ìrókò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ á wà nísàlẹ̀, àwo tánńganran àti ife ìyàwó á wà lókè, tẹlifíṣọ̀n á sì wà láàárín, ní ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó abẹ́ rẹ̀ ní láti nípọn, torí ẹ̀rọ ìgbà náà wúwo. Pákó tínrín á tẹ̀ kí ọdún tó yípo.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ dé, kò bá rúùmù-dífáídà lò mọ́. Ẹni tó ń kan irin mọ́ ògiri wá wo ibi tí ojú ti mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó lu ògiri níbẹ̀, ó tún fi díẹ̀ kún un. Èmi kò dá àwọn òbí lẹ́bi tí wọ́n bá gbé e sókè torí pé ọmọ lè fọwọ́ bà á jẹ́. Dígí yẹn ò lágbára, owó rẹ̀ sì pọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ̀ tó ínṣì 18 láti ara ògiri wá síwájú, tí a bá gbé e sábẹ́ rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ kékeré dé ojú tẹlifíṣọ̀n, ọrùn ìyá rẹ̀ náà á sì sinmi.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ló ti ṣì yẹ kí tẹlifíṣọ̀n ga, nítorí bẹ́ǹṣì ló tò síbẹ̀, èèyàn sì kún dẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé tiyín, fèrèsé ti ṣófo. Ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ jókòó sínú àga jíjìn, níbi tí ojú yín ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ínṣì 42. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55 ga ní ínṣì 27 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àárín rẹ̀ bá wà ní ínṣì 42, ìdí rẹ̀ á wà ní nǹkan bí ínṣì 28 sí ilẹ̀, á sì bá ojú yín mu. Ẹ sún àga sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8. Bí èrò yín bá pọ̀ débi tí àga á fi tò ní ìlà méjì, ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan pèpéle onígi tó ga ní ínṣì 12 sábẹ́ ìlà ẹ̀yìn, bí ilé sinimá ṣe ń ṣe é, kí tẹlifíṣọ̀n má baà kúrò níbi tó wà.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó mú irin dání tó lu ògiri, ẹ kọ́kọ́ jókòó sínú àga yín, ẹ fẹ̀yìn tì dáadáa, kí ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ojú yín bá dé lára ògiri. Ibẹ̀ ni kí àárín tẹlifíṣọ̀n wà.